Ọjọ́ Tó Wà Lára Ìwé

Ìwé àkọ́kọ́ tí àwọn ará káńsù mú wá fún mi, abẹ́ sikéèlì tí mo fi ń wọn ẹja ni mo tì í sí. Ìparí oṣù kìn-ín-ní ọdún 2018 ni. Ọmọkùnrin kan tó fi káàdì kọ́rùn ló mú un wá, ó kí mi dáadáa, ó ní, "Mọ́mì, nótíìsì yín rèé, ẹ wá rí wa ní ọ́fíìsì." Àwọn oníbàárà wà lórí ìdúró, omi yìnyín ń kán lọ́wọ́ mi. Mo ní kó gbé e kalẹ̀. Nígbà tó yí ẹ̀yìn padà, mo gbé sikéèlì lé e kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni ìwé náà fi wà níbẹ̀ tí omi ẹja ń rọ sí i lára. Ọjọ́ méje gan-an ni wọ́n sì kọ sínú rẹ̀ pé mo ní láti fi dáhùn.

Mo lè ka Gẹ̀ẹ́sì. Mo ka ìwé dé ìdajì girama kí bàbá mi tó kú, mo sì máa ń ka ìwé ìròyìn. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé yẹn kì í ṣe èyí tí èèyàn ń sọ. Ojú mi rí iye owó, ó rí òǹtẹ̀, ó rí ìbuwọ́lù, ó fo gbogbo yòókù. Ẹni tó bá ti gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí á mọ bí àyà ṣe ń já. Òǹtẹ̀ yẹn nìkan ti tó láti mú kí èèyàn gbà pé wọ́n ti dá ẹjọ́ òun tán.

Mi ò ní dárúkọ ìjọba ìbílẹ̀ náà. Mọ́kànlá ni wọ́n ní Ìbàdàn, márùn-ún nígboro, mẹ́fà lẹ́yìn ìgboro, kò sì sí èyí tí irú nǹkan yìí kò ti lè ṣẹlẹ̀. Àwọn tó ń tajà lójú títì bíi tèmi ni mo ń kọ ọ́ sí.

Nígbà tí ọmọkùnrin náà padà wá, mo fún un ní 2,000 náírà kó bá mi wò ó. Kò fún mi ní risíìtì, èmi náà kò béèrè. Ọkàn mi balẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, àwọn mẹ́ta dé, obìnrin kan wà láàárín wọn, wọ́n ní gbèsè mi jẹ́ 45,000 náírà. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín in sí: owó ṣọ́ọ̀bù, 6,000, owó kan tí wọ́n pè ní ti ìdàgbàsókè àyíká, 14,000, àti owó ìtanràn, 25,000, nítorí pé mi ò tètè san àwọn yòókù. Obìnrin náà ní kí n fọwọ́ sí ìwé kan, pé ẹ̀rí lásán ni pé wọ́n ti rí mi. Orí ìdérí fìrísà ni mo ti fọwọ́ sí i. Bébà náà fa omi mọ́ra, bíírò kò kọ, ó ní kí n tún un kọ sí ẹ̀gbẹ́. Mo tún un kọ. Mi ò ka ìlà kan nínú rẹ̀. Mo ń padà bọ̀ sórí ìwé yẹn.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 16 oṣù kejì, ni wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù mi pa. Ọjọ́rú tó ṣáájú rẹ̀ ni ààwẹ̀ Lẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń ta ẹja yìnyín mọ ohun tí ìyẹn jẹ́: àwọn ìjọ Kátólíkì kì í jẹ ẹran lọ́jọ́ Ẹtì nínú ààwẹ̀ náà, ọjà ẹja á sì máa yá títí di Àjíǹde. Mo ti yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, mo fi kó páálí mẹ́rìnlá: títọ̀ọ̀sì, kòté, ṣáwá, àti pánlá díẹ̀. Aago mẹ́fà ààbọ̀ ni mo dé ibẹ̀. Àgádágodo tuntun ni mo bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, pẹ̀lú ìwé funfun tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn. Ìdájí ni wọ́n ti wá. Jẹnẹrétọ̀ mi wà nínú ilé.

Ọmọ bíbí Ìbàdàn ni mí, agboolé wa kò jìnnà sí Ọjà'ba. Mo rò pé ẹni tí mo bá mọ̀ ló máa gbà mí. Bẹ́ẹ̀ mo ti ń gbọ́ ọ nínú oríkì ìlú wa láti kékeré pé Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjèjì. Láti àárọ̀ yẹn títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ̀ kiri. Mo lọ bá ìyálọ́jà. Mo lọ bá olóṣèlú kan ní wọ́ọ̀dù wa, ó ní òun á pe ẹnìkan. Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n ìyàwó káńsẹ́lọ̀. Mo kúnlẹ̀ fún ọkùnrin tí mo fi ọdún mọ́kànlá jù lọ. Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹyọ ẹnìkan tí mo bi pé òfin wo ni wọ́n fi ti ṣọ́ọ̀bù mi. Kò wá sí mi lọ́kàn pé ó ṣeé béèrè. Lójú mi, ìjọba bínú ni, ẹni tí a bá sì ṣẹ̀, ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ̀ ẹ́.

Iná ò dúró lọ́sẹ̀ náà. Lọ́jọ́ kẹta, omi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn, ó kọ́kọ́ mọ́, nígbà tó di ọ̀sán ó ti pọ́n bí omi tí a fi ṣan ẹran. Ó tọ ìlà sìmẹ́ńtì lọ títí dé iwájú obìnrin tó ń lọ ata. Kò bú mi. Ó kàn gbé àga àwọn oníbàárà rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Eṣinṣin bo ihò kọ́kọ́rọ́. Mo jókòó sórí páálí òfìfo lódìkejì títì, mò ń wo ilẹ̀kùn mi, n ò lè sunkún, n ò lè dìde. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé ayùn irin wá lálẹ́ ọjọ́ Àìkú pé òun á gé e. Bàbá mẹkáníìkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló dì í lọ́wọ́ mú, ó ní, "Tó o bá gé e, ẹjọ́ tìẹ ni wọ́n á máa rò, wọn ò ní í rántí ẹjọ́ tiwọn mọ́." Títí dòní ni mò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá yẹn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 22, ni wọ́n ṣí i. Mo san 45,000 pé, mo tún san 10,000 fún ẹni tó wá ṣí i, èyí tí kò ní risíìtì. Páálí mọ́kànlá nínú mẹ́rìnlá la kó lọ dà nù. Ìgò Izal mẹ́ta ni mo fi fọ ilẹ̀, òórùn yẹn kò sì lọ kí oṣù tó parí.

Kí n tó tẹ̀síwájú, mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má sanwó fún ìjọba, tàbí pé ìjọba kò gbọdọ̀ ti ilé pa tàbí wó o. Ìlú Ìbàdàn ni Omíyalé 1980 ti ṣẹlẹ̀. Mo kéré nígbà náà, ṣùgbọ́n mo rántí bí wọ́n ṣe ń gbé òkú láti etí odò Ògùnpa, mo sì rántí omi 2011 náà, tó gbé afárá àti ilé lọ. Nígbà tí wọ́n bá ní kí àwọn tó kọ́lé sójú odò kó kúrò, ẹ̀mí ni wọ́n ń dá sí. Àwọn wọlé-wọlé tó máa ń yẹ ṣọ́ọ̀bù wa wò pàápàá, iṣẹ́ gidi ni tiwọn. Ẹja tí kò dára lè pa ọmọ aráyé. Owó ṣọ́ọ̀bù 6,000 tó wà nínú ìwé yẹn, mo jẹ ẹ́ lóòótọ́. Ohun tó dùn mí ni pé àwọn mìíràn wà nínú ìwé kan náà tí mi ò jẹ, mi ò sì mọ bí mo ṣe lè fi ìyàtọ̀ sáàárín wọn, nítorí pé mi ò mọ orúkọ wọn.

Oṣù keje ọdún yẹn, wọ́n tún mú ìwé tuntun wá. Orí gbígbọ̀n ni mo wà nígbà tí bàbá kan wọlé wá ra ṣáwá. Akọ̀wé kóòtù ni bàbá náà fún ọgbọ̀n ọdún ó lé kó tó fẹ̀yìn tì. Ó rí ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó ní kí n mú un wá, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún, ó tún un wọ̀.

"Ìyá Wálé, ta ló fún ọ ní ìwé yìí?"

"Àwọn ará káńsù ni, Bàbá."

"Káńsù kì í ṣe èèyàn. Ta ló fọwọ́ sí i?"

Mo wò ó. Ìbuwọ́lù wà níbẹ̀, kò sí orúkọ lábẹ́ rẹ̀. Lókè ìwé náà, orúkọ ilé-iṣẹ́ aládàáni kan ló wà, àmì káńsù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mi ò rí ìyẹn lẹ́ẹ̀kan rí.

"Òfin wo ni wọ́n tọ́ka sí?" Ó fi èékánná rẹ̀ fa ìlà kan tó wà láàárín, lẹ́tà kéékèèké. "Èyí ni orúkọ òfin tí wọ́n ní àwọn ń lò. Ṣé o ti rí òfin náà sójú?"

"Rárá, Bàbá."

"Ọjọ́ wo ló tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́? Ọjọ́ tí wọ́n kọ ìwé àti ọjọ́ tí ìwé dé ọwọ́ ẹni kì í sábà bára mu." Ó gba bíírò lọ́wọ́ mi, ó kọ ọ́ sí igun òkè: ọjọ́, aago, àti irú ẹni tó mú un wá. Ohun tí mo ṣì ń ṣe sí gbogbo ìwé tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi nìyẹn.

Mo wá sọ ti oṣù kejì fún un. Mo rò pé á bá mi káàánú. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ló nà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká ìka: "Ẹrẹ́nà. Igbe. Èbìbí." Ó dúró sórí ìka kẹta, ó wò ó. Ó ká àwọn méjì yòókù láìsọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Ẹ̀ẹ́hàn. Oṣù mẹ́ta lo ní, ọmọ mi."

Òfin kan wà tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba. Irú rẹ̀ ti wà ní ilẹ̀ wa láti 1916, láyé àwọn òyìnbó amúnisìn, àwọn ìpínlẹ̀ sì ní tiwọn. Ohun tó sọ ni pé tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá ṣe nǹkan lẹ́nu iṣẹ́ tó dùn ọ́, o gbọ́dọ̀ gbé ẹjọ́ rẹ̀ dé kóòtù láàárín oṣù mẹ́ta. Tí oṣù mẹ́ta bá kọjá, wọn kì í sábà wo bóyá o jàre. Wọ́n á ní àkókò ti lọ. Nínú oṣù mẹ́ta tèmi, mo fi ọjọ́ mẹ́rin bẹ̀bẹ̀, mo fi èyí tó kù tijú. N kò fẹ́ kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù mọ̀, n kò fẹ́ kí àna mi gbọ́. Kò sí ẹni tó sọ fún mi pé aago ń lọ. Tí ẹ bá fẹ́ mú ẹyọ ohun kan nínú ọ̀rọ̀ mi, ẹ mú oṣù mẹ́ta yẹn.

Bàbá náà jókòó tì mí títí ṣáwá rẹ̀ fi yọ́. Ó ṣàlàyé àwọn orúkọ náà fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan.

Owó orí yàtọ̀ sí owó tí a ń san nítorí pé a lo nǹkan tàbí a gba ìyọ̀ǹda, àwọn méjèèjì sì yàtọ̀ sí owó ìtanràn. Ìtanràn jẹ́ ìyà ẹ̀ṣẹ̀. Adájọ́ ló ń bù ú fún èèyàn lẹ́yìn tó bá ti gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, kì í ṣe ẹni tó fẹ́ gba owó náà. Àwọn ilé-ẹjọ́ wa ti sọ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. 25,000 tí mo san lóṣù kejì, kò sí adájọ́ tó mọ̀ mí rí.

Ó ní òfin ìjọba àpapọ̀ kan wà tí àwọn ológun gbé jáde ní 1998, tó to àwọn owó tí ìjọba àpapọ̀ lè gbà, èyí tí ìpínlẹ̀ lè gbà, àti èyí tí ìjọba ìbílẹ̀ lè gbà. Owó ṣọ́ọ̀bù àti kíósì wà nínú ti ìjọba ìbílẹ̀. Owó ọjà wà níbẹ̀, owó gáréèjì, owó ibi ìpẹran, owó pátákó ìpolówó, títí dórí kẹ̀kẹ́ ológeere àti ọkọ̀ ojú omi. "Ìdàgbàsókè àyíká" kò sí níbẹ̀. Ọdún 2018 ni mò ń sọ o. Òfin owó orí ti yí padà láti ìgbà náà, kí ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kàn béèrè àtòkọ tó wà lóde báyìí.

Báíláà ni òfin tí ìjọba ìbílẹ̀ fúnra rẹ̀ ṣe. Ó gbọ́dọ̀ ní orúkọ, ó gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i, kò sì gbọdọ̀ kọjá agbára tí òfin tó jù ú lọ fún un. Tó bá kọjá rẹ̀, àwọn lọ́yà máa ń fi èdè Látìn pè é, ṣùgbọ́n bí Bàbá ṣe sọ ọ́ yé mi ju ti Látìn lọ: "Wọ́n rán ọmọ lọ sí Bódìjà, ó lọ sí Ọ̀jọ́ọ̀. Ohun yòówù kó rà bọ̀, kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán an."

Abala 36 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 ló fún èèyàn ní ẹ̀tọ́ pé kí wọ́n gbọ́ tẹnu rẹ̀ kí wọ́n tó dá ẹjọ́ tó kan ẹ̀tọ́ rẹ̀. Nígbà tó sọ ìyẹn, mo ní, "Bàbá, ṣebí ohun tí àwọn àgbà ń sọ náà nìyẹn? Agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà." Ó ní òun náà ni, pé ohun tí òyìnbó kọ sínú ìwé òfin, ààfin àti agboolé wa ti ń lò ó tipẹ́. Mo ronú lé e lóru ọjọ́ yẹn. Ká ní ní agboolé wa ni ọ̀rọ̀ mi ti ṣẹlẹ̀, mo mọ̀ pé màá ní kí wọ́n jẹ́ kí n sọ tẹnu mi. Nítorí pé ìwé ni, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni, mo pa ẹnu mi mọ́.

Abala 36 yẹn kan náà sọ pé ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn, wọ́n gbọ́dọ̀ tètè sọ ẹ̀sùn náà fún un ní èdè tó gbọ́, ní kíkún. Ẹ̀sùn ọ̀daràn nìkan ni ìlà yẹn ń sọ, kì í ṣe ìwé owó bíi tèmi. Ṣùgbọ́n ó dùn mí pé kò dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ìlú tí ìyálọ́jà, káńsẹ́lọ̀, alága káńsù, àti ẹni tó ń lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn ń sọ Yorùbá láti àárọ̀ dalẹ́, kí ló dé tí ìwé tó máa gba oúnjẹ lẹ́nu èèyàn kò lè ní ìlà mẹ́ta Yorùbá nísàlẹ̀? Mi ò rí ìdáhùn sí i.

Bàbá ní kí n lọ rí lọ́yà nípa ẹja tó bàjẹ́, bóyá ọ̀nà kan ṣì kù. Mo lọ bá obìnrin kan tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà lágbègbè Ìyágankú. Lọ́dọ̀ rẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo kóòtù ló lè yẹ iṣẹ́ ìjọba wò. Mo ti ń rò ó pé Mápó ni màá gbé e lọ, sí kóòtù ìbílẹ̀ tí wọ́n ti ń tú ìgbéyàwó ká. Ó ní kóòtù gíga ni, èyí tó wà ní Ring Road, ibẹ̀ ni wọ́n ti lè wọ́gi lé ohun tí ọ́fíìsì ìjọba ṣe. Ó ní ọ̀pọ̀ òfin ìjọba ìbílẹ̀ sì tún béèrè pé kí èèyàn kọ̀wé oṣù kan sí wọn ṣáájú pé òun ń bọ̀ wá pè wọ́n lẹ́jọ́, ìyẹn nínú oṣù mẹ́ta kan náà. Ọ̀nà ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn wà lóòótọ́. Ìlànà kóòtù ti 2009 sọ pé gbèdéke àkókò kò de ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ìdí pàtàkì tí èèyàn fi lọ, kì í ṣe owó ẹja tí wọ́n fi ẹ̀tọ́ bò lórí. Ó wá béèrè ìwé tí mo fọwọ́ sí.

Mi ò ní ẹ̀dà rẹ̀. Ìgbà tí ó yá ni mo rí i.

Ó fún mi ní ìmọ̀ràn kan tí mo ti sọ fún ọ̀pọ̀ èèyàn: bí ó bá di dandan pé kí n sanwó kí wọ́n lè ṣí ṣọ́ọ̀bù, kí n san án sí báńkì, kí n sì kọ lẹ́tà lọ́jọ́ náà gan-an pé lábẹ́ àtakò ni mo fi san án, pé mi ò gbà pé mo jẹ ẹ́. Ìlà kan péré ni. Ẹni tó san láìsọ nǹkan kan ti fi owó náà jẹ́wọ́.

Mo gba kámú lórí ẹja. Gbèsè alájẹṣẹ́kù ṣì wà lọ́rùn mi, n kò lè gbé owó ẹjọ́ lé e. Ṣùgbọ́n ìwé oṣù keje, èmi àti Bàbá gbé e dání láti ọjọ́ kìn-ín-ní.

Lẹ́tà la kọ́kọ́ kọ, lórí Òfin Òmìnira Ìròyìn ti 2011. Òfin yẹn fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ọ́fíìsì ìjọba láìsọ ìdí tó fi ń béèrè, ọ́fíìsì náà sì ní ọjọ́ méje láti fèsì. Ẹni tí kò mọ̀wé lè ní kí ẹlòmíràn bá òun béèrè. Kódà ó lè fẹnu sọ ọ́, òṣìṣẹ́ tó gbọ́ ọ ló máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ní 2018, àwọn ìpínlẹ̀ ṣì ń jiyàn pé òfin náà kò kan àwọn. Oṣù kìn-ín-ní 2025 ni ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ tó sọ pé ó kan gbogbo ìjọba. Ohun mẹ́ta la béèrè: ẹ̀dà báíláà náà tí wọ́n fi òǹtẹ̀ jẹ́rìí sí pé òótọ́ ni, ìwé tí káńsù fi gbé iṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ aládàáni náà, àti ẹ̀dà gbogbo ìwé tó ní ìbuwọ́lù mi.

Àṣìṣe kan tún wọlé. Èmi ni mo mú lẹ́tà náà lọ, ẹnu géètì ni ọlọ́dẹ ti ní òun á bá mi fi jíṣẹ́, mo gbé e fún un. Ọjọ́ mẹ́jọ lẹ́yìn náà, wọ́n ní àwọn kò rí lẹ́tà kankan. Bàbá kò bínú, ó ní ká tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà méjì, kí n wọlé lọ bá akọ̀wé tó ń gba lẹ́tà, kí n fún un ní ọ̀kan, kó lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ mọ́ èkejì, kí n mú èkejì bọ̀ wálé. Mo dúró fún wákàtí méjì lórí òǹtẹ̀ yẹn. Obìnrin tó wà níbẹ̀ ní kí n máa lọ, òun á bá mi lù ú tó bá yá. Mo ní, "Ẹ má bínú, Mà, màá dúró dè é." Ohùn mi gbọ̀n. Ó lù ú. Òǹtẹ̀ yẹn wọ́ díẹ̀, ọjọ́ inú rẹ̀ hàn ketekete, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i kó gbẹ kí n tó ká a.

Ọjọ́ méje pé, wọn ò fèsì. A wá lọ sí Ìgbìmọ̀ Tó Ń Gbọ́ Ẹ̀sùn Ará Ìlú. Láti 1975 ni ìjọba àpapọ̀ ti dá a sílẹ̀, fún ẹni tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá rẹ́ jẹ, wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀. Mo ti gbé Ìbàdàn láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, mi ò gbọ́ orúkọ wọn rí. Wọn kì í gba ọ̀rọ̀ tó ti wà ní kóòtù, wọn kì í sì í gba èyí tó ti lé ní ọdún kan. Wọn ò lè fi ipá mú ọ́fíìsì kankan. Wọ́n á ṣèwádìí, wọ́n á dámọ̀ràn. Ṣùgbọ́n lẹ́tà wọn kì í sọnù lẹ́nu géètì.

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n pè wá jọ. Ọkùnrin kan wá láti káńsù pẹ̀lú fáìlì. Báíláà náà wà nínú rẹ̀. Èmi àti Bàbá jọ kà á lórí tábìlì. Owó ṣọ́ọ̀bù wà níbẹ̀. Owó ìdàgbàsókè àyíká kò sí níbẹ̀. Ìtanràn wà, ṣùgbọ́n ìlà tó sọ ọ́ sọ pé lẹ́yìn tí kóòtù bá ti dá èèyàn lẹ́bi. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì ń fi ọdún mélòó kan gba owó lórí ohun tí ìwé tiwọn kò sọ. Wọ́n fagi lé ìwé oṣù keje, mo san owó ṣọ́ọ̀bù sí báńkì, mo gba risíìtì.

Mo wá gbé ọ̀rọ̀ ẹja sílẹ̀. Ọkùnrin náà kò jiyàn. Ó ṣí fáìlì sẹ́yìn, ó fa ìwé kan yọ, ó yí i sí mi. Orúkọ mi ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì, èkíní tí bíírò kò kọ dáadáa àti èkejì tí mo tún kọ sí ẹ̀gbẹ́. Àbàwọ́n omi fìrísà ṣì wà lórí bébà náà, róbótó. Lókè rẹ̀, mo ti gbà pé mo jẹ 45,000 náírà, mo sì ti gbà pé kí wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù mi pa bí mi ò bá san án láàárín ọjọ́ méje. Àwọn ìgbìmọ̀ ní àwọn á kọ ìmọ̀ràn sí káńsù pé kí wọ́n ṣàánú mi. Wọ́n kọ ọ́. Owó náà kò padà.

Láti ìgbà náà, fáìlì aláwọ̀ ewé kan wà lábẹ́ káńtà mi, ìwé ọdọọdún wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tó tẹ̀ mí lọ́wọ́. Bàbá ti kú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin tó ń lọ ata gbé ìwé kan wá fún mi, ọwọ́ rẹ̀ pupa fún ata, ó fi ìka méjì mú un ní etí. Ó ní òun fẹ́ lọ bẹ ẹnìkan ní wọ́ọ̀dù. Mo ní kó jókòó ná. A ka ìwé náà ní Gẹ̀ẹ́sì, mo tún un sọ fún un ní Yorùbá, ìlà kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ méje ni wọ́n fún un, ọjọ́ kejì rẹ̀ là ń lò. A ti tẹ lẹ́tà náà ní ẹ̀dà méjì, àárọ̀ ọ̀la la jọ ń lọ.